Ọmọ Òkúta Méjì Tí Mo Fi Ìborùn Bò

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀nyìn, tí àwọn aláṣẹ ń kọ ní Ifangni, mo ti dé o, ẹ má sì retí pé kí n gbé irọ́ kalẹ̀ fún yín. Ẹnìkan ti ṣe èyí kí n tó lọ. Àwọn àgbà inú yín á rántí àbúrò ọkọ mi tí a máa ń pè ní Ìyá Párì. Nígbà tó ti Faransé dé, ó jókòó síwájú ilé wa, ó ní kò sí eruku lọ́hùn-ún, ó ní omi ẹ̀rọ wọn dùn bí oyin, ó ní ẹnikẹ́ni kì í bínú níbẹ̀. Ó wá yíjú sí mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹni tó kàwé tó báyìí tí kò dé Faransé, ìwé kí ló kà?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ wọn ní èdè Faransé láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú!

Ìyá Párì ti kú, mi ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ṣùgbọ́n eruku wà ní Faransé. Mo fi ìka mi nù ún lójú fèrèsé ọmọ mi.

Ohun tí mo bá lọ

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Félísì. Faransé ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Áànì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí Lúsì, ọmọbìnrin tó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Ọmọ ọdún méje, kò ní oríkì! Mi ò sọ orúkọ tí wọ́n ń kọ sínú papié, ìwé ìjọba. Oríkì àbísọ ni mò ń wí, èyí tí a fi ń pe ọmọ tí ara rẹ̀ á fi rọ̀, tí igbe á fi dá lẹ́nu rẹ̀. Nílé ọkọ mi, àgbà obìnrin ilé ló ń fún ọmọ ní oríkì. Ìyá ọkọ mi ló fún Félísì ní Àkànní. Nígbà tó kú, iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn mi, kò sí ẹlòmíràn mọ́.

A kì í sì í di oríkì mọ́ ẹrù láti ilé bí ẹni di gàrì. A ó wo ojú ọmọ pẹ́, a ó wo ìrìn rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀, kó tó wá sí wa lẹ́nu. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Èyí tí ọmọ kò bá jẹ́, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Nígbà tí wọ́n bí Lúsì, wọn kò ránṣẹ́ pè mí. Odẹ́tì, ìyá Áànì, ló wà níbẹ̀, òun ló sì sọ ọmọ lórúkọ. Fọ́tò àkàrà òyìnbó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo bá Odẹ́tì sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, mo ní ó ku oríkì. Odẹ́tì ní, "Màdámù, ọmọ yìí ti ní orúkọ mẹ́ta. Ó ti tó." Ó ti tó! Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́rẹ̀kẹ́ bí orógbó, mò ń jẹ ẹ́ láti ọdún náà wá, kò tán, kò sì dùn.

Ọkọ mi tó ti kú náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi yìí. Ó ṣeé ṣe kí Ọlọ́run ti dárí jì í. Èmi ò tíì dárí jì í. Òun ló ní kí ẹnikẹ́ni má sọ Nàgó, èdè wa, sí Félísì nínú ilé wa, pé Nàgó á dí i lọ́wọ́ ní lekóòlù, ilé ìwé. Ọmọ náà dàgbà tán, ó wá ń kí àwọn èèyàn ìyá rẹ̀ ní èdè Faransé bí kọmandáǹ, òyìnbó aláṣẹ ayé àtijọ́.

Nítorí náà, nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbé mi, mo gbéra. Mo ra gàrì àti ata gígún lọ́jà Ìgòlò. Alábàárù tó gbé ẹrù mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ABD, tí wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Mẹtirẹ́ẹ̀sì, ìyẹn Ìyá Olùkọ́.

Ó ní, "Ìyá Mẹtirẹ́ẹ̀sì, ṣé ebi ń pa wọ́n lọ́hùn-ún ni?"

Mo ní, "Wọ́n yó dáadáa."

"Kí wá lẹ ń kó gàrì lọ ṣe?"

"Kí n lè rí nǹkan fi bá wọn jà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Bí mo ṣe rí fisá gbà àti bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe gbé mi, ẹ bi àwọn tó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

"Bọ́njúù, màdámù"

Ìlú tí ọmọ mi ń gbé kò tóbi. Odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òtútù tí ì bá pa ewúrẹ́ Tchaada, abúlé ẹ̀gbẹ́ wa. Félísì pàdé mi, ó gbá mi mọ́ra, ó fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún àti òsì. Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀. Kò kúnlẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀, mo sì fi ara mọ́ ọn, nítorí òórùn ara rẹ̀ kò yí padà.

Lúsì dúró sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i. Ó yọ orí díẹ̀, ó ní, "Bọ́njúù, màdámù," ó sì tún sá pamọ́.

Ọmọ ọmọ mi pè mí ní màdámù! Bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń pè mí nígbà tí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa àwọn ará ibẹ̀. Lójú títì, wọn kì í kíni. Wọ́n á kọjá lára rẹ bí ẹni pé igi ni ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo kí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́bàá odò. Mo ní ẹ kú àárọ̀, mo ní òtútù yìí ńkọ́, mo bi í léèrè àwọn ará ilé. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ròyìn ìyàwó rẹ̀ tó kú fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí a ò kí kì í ṣe ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn láì kí wọn, o ti dẹ́ṣẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa máa ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó tètè mọ̀ pé èyí tí èèpo rẹ̀ jóná díẹ̀ ni mo fẹ́ràn, ó sì máa ń fi í pamọ́ dè mí lábẹ́ káńtà. Mo bá a rẹ́ ju bí mo ṣe bá àwọn kan rẹ́ ní Ìfọ̀nyìn, tí mo mọ̀ láti kékeré.

Bí ó bá sì di ti pé èèyàn jẹ́ àjèjì, ara tèmi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọdékùnrin dìde fún mi kí n jókòó. Inú mi dùn títí mo fi gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé ìyá yẹn kò lè gbọ́ Faransé. Mo bá a ṣe àtúnṣe sí gbólóhùn rẹ̀, nítorí ó ṣì í sọ. Ó ní, "Pàdọ́ọ̀nù, màdámù." Màdámù yìí, èyí ni mo gbà.

Wàrà tó ti bu

Odẹ́tì ló se oúnjẹ ìkíni káàbọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ó sì gbé ehoro tí a fi ọbẹ̀ wáìnì sè kalẹ̀, ó dùn débi pé mi ò rí ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo tún ní kó bu díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ló gbé wàrà jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, wàrà náà ti bu! Àwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ káàkiri, ó sì ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá. Mo rò pé ó fẹ́ dójú tì mí ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ gé tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó wá dúró kó rí ojú mi. Mo jẹ ẹ́. Ó yọ̀ lẹ́nu bí òrí, ó ta lẹ́yìn bí ata. Mo ní kò burú. Ó ní, "Bàbá Áànì kò jẹ ẹ́ títí ó fi kú."

Lọ́jọ́ kejì, mo san án padà. Mo tẹ ẹ̀bà, mo se ọbẹ̀ ẹja, mo sì fi ata Ìgòlò sí i láìdín. Omi ń bọ́ lójú Odẹ́tì, imú rẹ̀ pupa, kò sì gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Áànì ní, "Màmáǹ, ẹ fi í sílẹ̀." Ó ní, "Dákẹ́ jẹ́, mi ò tíì tán." Nígbà yẹn ni mo rí i pé ọ̀tá mi kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Lúsì ni ohun tó ń dùn mí. Kò jẹun lọ́wọ́ mi. Bí mo bá jókòó, ó dìde. Bí mo bá ń wo ojú rẹ̀, ó gbé ìwé àwòrán bojú. Félísì ní, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù, ojú ń tì í ni." Sùúrù wo? Ọjọ́ tí n ó padà ti ń sún mọ́, mi ò sì tíì rí ojú ọmọ náà tẹ́jú kan. Lálẹ́, mo máa ń gbìyànjú oríkì kan lọ́kàn mi, tí n ó sì sọ ọ́ nù. Ojú tí mi ò rí, kí ni n ó wí nípa rẹ̀?

Ilé àwọn òkúta

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú èyí tí mo máa padà. Félísì àti Áànì ní iṣẹ́ ilé láti ṣe, Odẹ́tì sì ní kí òun mú èmi àti Lúsì lọ sí músé, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Mo lọ nítorí mi ò fẹ́ kó sọ pé mo kọ̀.

Ilé náà tóbi, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwòrán àwọn ọba olójú wúrà kún ibẹ̀, àti ti ẹṣin, àti ti ìjà orí omi. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo yà sínú yàrá kékeré kan láti wá ibi jókòó, ibẹ̀ ni mo ti rí wọn.

Wọn kò ga ju odó ata lọ. Ọmọkùnrin méjì ni, tí ará Faransé kan fi òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní mábù gbẹ́ láyé ìgbà kan. Èyí tó dàgbà díẹ̀ di ẹyẹ kékeré kan mọ́ àyà, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá àbúrò mọ́ra. Àbúrò ti sùn lọ. Orí rẹ̀ wà léjìká ẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀kọ yó. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ rí, mo lè búra. Ó mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó sùn ṣe máa ń rọ̀. Ó rántí àwọn kòtò kéékèèké tó máa ń wà lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ tó sanra. Ẹ̀gbọ́n náà kò wo ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò wo àbúrò. Ó ń wo èèyàn tó ń bọ̀, bí ẹni ń sọ pé kó rọra tẹsẹ̀.

Mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ wọn. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó rà wọ́n wà níbẹ̀, àti ti opó tó fi wọ́n tọrẹ. Àwọn ọmọ náà kò ní orúkọ. "Ọmọdé méjì àti ẹyẹ," ó tán.

Òjò ń lu fèrèsé. Àwọn ọmọ wà níhòòhò. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, ta ló máa ń kọjá lára ọmọ tó sùn síhòòhò nínú òtútù láì bò ó? Ọwọ́ mi ti tú ìborùn mi kí orí mi tó sọ fún un pé òkúta ni. Mo fi bo àbúrò, mo sì fi etí rẹ̀ bo èjìká ẹ̀gbọ́n. Ẹnu mi náà là fúnra rẹ̀. "Àlàó," ni mo pe èyí tó sùn, "Àlàó, rọra sùn, òjò ni, kì í ṣe ẹranko." Mo wo ẹ̀gbọ́n. "Àyìndé, o kú ìtọ́jú."

Mo sọ ọ́ sókè, ní Nàgó. Nígbà tí mo wà ní lekóòlù, olùkọ́ wa a máa so eegun mọ́ ọmọ tó bá sọ Nàgó lọ́rùn, ọmọ náà á sì gbé e kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Ọrùn mi mọ eegun náà dáadáa. Nínú ilé àwọn ọba wọn, mo sọ ọ́, ó dún dé òrùlé.

Obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan sáré wọlé. "Màdámù! Màdámù! A kì í fọwọ́ kàn án!"

Mo ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án. Aṣọ ni mo fi bò ó."

"Màdámù, mábù ni. Òtútù kì í mú u."

"Ṣé ẹ ti bi í?"

Kó tó dáhùn, Odẹ́tì ti bọ́ sáàárín wa pẹ̀lú àpò rẹ̀ lápá. Mo rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí mi. Ó ní, "Màdámù, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀. Ọmọ ń sùn."

Ẹ̀ṣọ́ náà wo wa, ìyá arúgbó dúdú kan àti funfun kan. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣí aṣọ náà jẹ́jẹ́, ó ká a, ó sì dá a padà fún mi.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Lúsì lẹ́yìn mi. "Kí lẹ sọ fún wọn?"

Mo ní, "Mo fún wọn ní oríkì ni. Àlàó nìyí, Àyìndé nìyẹn."

"Wọn ò lè jẹ́ ẹ."

"Àwọn tó lè jẹ́ ẹ ń sá fún mi."

Ó ronú díẹ̀. Ó wá wo àwọn òkúta, ó wò mí, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. "Tèmi dà?"

Mo fa ìborùn mi bo èjìká.

"Ẹ fún òkúta ní orúkọ! Òkúta! Èmi ni ọmọ Félísì, ẹ ò fún mi!" Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ nínú músé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ìbàdí, ojú rẹ̀ dúró sínú tèmi láì ṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá ọkọ mi ni mo rí. Ìpéǹpéjú yẹn, àgbọ̀n tó ń yọ síwájú bí ẹni fẹ́ fi bá ayé jà. Mo ti bá ojú náà gbé nílé kan náà, mo ti bẹ̀rù rẹ̀, mo sì ti sin ín. Oríkì náà dé ẹnu mi lójijì. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Tìrẹ kì í ṣe ohun tí a ń sọ láìsí bàbá ẹni nítòsí. Lọ́la, láàárọ̀."

"Wọ́n ti gba tiwọn ṣáájú mi!"

Òótọ́ ló sọ. Oríkì tí àgbà bá ti fún ọmọ, kò sí gbígbà á padà. Nípa àṣìṣe ìborùn, ọmọ ọmọ mi ti di àbúrò ọmọ mábù méjì. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó lọ kí wọn pé ó dàárọ̀, kí a tó jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé

Odẹ́tì dé kí oòrùn tó là. Ó ti sọ fún mi lọ́nà ilé pé òun fẹ́ wà níbẹ̀, bí mo bá gbà. Mo ní, "Ṣé orúkọ mẹ́ta kò tó mọ́?" Ojú rẹ̀ pupa ju ọjọ́ tó jẹ ata lọ. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tí ẹ ń bèèrè nígbà yẹn, màdámù. Orúkọ papié ni mo rò." Mo wò ó. Mo ní kó má pẹ́.

Mo bu omi tútù sínú abọ́, mo ní kí Lúsì kúnlẹ̀ síwájú mi lórí rọ́ọ̀gì. Àwọn yòókù dúró. Mo kán omi sí i níwájú orí, mo pè é. "Àjàkẹ́."

Àjàkẹ́, ọmọ tí a jà kí a tó rí i kẹ́.

Kò dún. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ mi sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe agídí. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi jẹ́ ẹ ni. Ta ló kọ́ ọ? Mo tún pè é. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni a ń pe oríkì; lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Omi ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì. Mo rò ó pé bóyá mo ti pẹ́ jù.

Félísì ní, "Màmá, ẹ pè mí ná. Kó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ."

Nàgó ló fi sọ ọ́. Nàgó Ìfọ̀nyìn, tí bàbá rẹ̀ lé jáde nílé wa. Nígbà tó wà ní kékeré, tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, mo máa ń pe oríkì rẹ̀ sí i létí, kí ọkọ mi má bàa gbọ́. Mo ti gbà pé omi ìwẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo pè é. "Àkànní."

Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà, tó ti múra iṣẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn, na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lórí rọ́ọ̀gì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, "Hùn-ún, Màmá mi."

Áànì gbé ọwọ́ lé ẹnu. Mo yíjú sí ọmọ náà.

"Àjàkẹ́."

Lúsì wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀ dáadáa. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó sì na ara tirẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Hùn-ún, Màmá mi."

Ọmọbìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀. Gbogbo Ìfọ̀nyìn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n, mo sì ti fi gbogbo ayé mi tún àṣìṣe ọmọdé ṣe. Mi ò tún èyí ṣe. Mo tún pè é ni.